Orí Kẹfà: Akitiyan, Másùnmáwo àti Ìlera Ọkàn láàárín Ẹ̀yà Ènìyàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ikọ̀ olùwádìí kan, tí oníṣègùn Richard Cooper wà lára àwọn aṣíwájú rẹ̀, kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní ọ̀nà kan ṣoṣo láti máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì rán wọn lọ sí Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Jàmáíkà, St. Lucia, Barbados àti Amẹ́ríkà. Ní Nàìjíríà, Igbó-Ọrà àti Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n dé. Ní Amẹ́ríkà, Maywood ni wọ́n lọ, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Ó lé ní 10,000 ènìyàn tí wọ́n wọn, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni orírun gbogbo wọn. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 1997, ìdá 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní àwọn erékùṣù Karibíà, ó di 26. Ní Amẹ́ríkà, ó di 33.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé ohun kan ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó ń fa àìsàn yìí. Èsì yẹn kò gbè wọ́n. Bí ó bá jẹ́ àjogúnbá nìkan ni, ibo ni ará Igbó-Ọrà àti ará Maywood ti wá jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀? Lọ́dún 2005, wọ́n tún kó àwọn aláwọ̀ funfun mọ́ ìṣirò náà, ọ̀rọ̀ sì tún yí padà: ní Jámánì, ìdá 55 nínú 100 àgbàlagbà ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó ga ju ti ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú èyíkéyìí tó wà nínú ìwádìí náà lọ.

Iyọ̀ inú oúnjẹ àti ìsanra ṣàlàyé apá tó pọ̀ nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín Igbó-Ọrà àti Maywood. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbàgbé èyí, tó wá ń di ẹ̀bi gbogbo ẹ̀jẹ̀ ríru ru wàhálà, ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá yọ iyọ̀ àti ìsanra kúrò, ó ṣì ku nǹkan. Orí yìí dá lé apá kan nínú ohun tó kù náà, ìyẹn wàhálà ayé àti ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà kojú rẹ̀. Ìbéèrè kan ni a ó máa bi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ǹjẹ́ ìwà kan náà lè ṣe ẹnì kan lóore, kó sì ba ara ẹlòmíràn jẹ́?

Ohun tí wàhálà ń ṣe nínú ara

Bí ajá digbolugi bá ṣàdédé yọ síni lójú ọ̀nà, kí ọkàn tó pinnu ohun tí yóò ṣe ni ara ti ṣe tirẹ̀. Ọpọlọ á ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó lé orí kíndìnrín, wọ́n á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kan á fún, ìfúnpá á sì gun òkè. Kò ní pẹ́ tí cortisol á fi tẹ̀lé e, tí yóò máa tú ṣúgà sílẹ̀ kí agbára má bàa tán lójú ìjà. Bí ajá bá ti lọ, ara á rọlẹ̀. Ẹ̀dá ènìyàn kò lè wà láàyè láìsí ètò yìí.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ajá ló ń lọ. Owó ilé tó ń dé lóṣooṣù kì í lọ. Ọ̀gá tó ń fojú ẹ̀yà wo òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í lọ. Ara tó ń gùn tó ń sọ̀ lójoojúmọ́ fún ogún ọdún kì í tún padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́: ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ á ki, apá òsì ọkàn á nípọn nítorí iṣẹ́ àṣekúdórógbó, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn ti ń wọlé. Bruce McEwen àti Eliot Stellar ló fún àròpọ̀ gbogbo èyí ní orúkọ nínú ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún 1993. Nínú ìwé yìí, ẹrù-ara ni a ó máa pè é.

Lọ́dún 1984, Richard Lazarus àti Susan Folkman ti pín ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà kojú wàhálà sí oríṣi méjì. Nínú ọ̀kan, ènìyàn á dojú kọ ìṣòro náà fúnra rẹ̀, á wá ọ̀nà àtiyí i padà. Nínú èkejì, ọkàn tirẹ̀ ni yóò máa tù: á gbàdúrà, á bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, á mú ọtí, á gbé e kúrò lọ́kàn. Ìpín yìí wúlò, ó sì ti di ohun tí gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ ń sọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti akíkanjú, èkejì sì ni ti ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí a wo bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ìwà oníkánjú

Ìwádìí tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ lórí ìwà àti ọkàn kò fi bẹ́ẹ̀ ka aláwọ̀ dúdú kún. Meyer Friedman àti Ray Rosenman, oníṣègùn ọkàn ní San Francisco, kọ̀wé lọ́dún 1959 nípa irú ènìyàn kan tí kì í sinmi: gbogbo ìgbà ló ń sáré, gbogbo ìgbà ló ń du ipò, inú rẹ̀ sì tètè ń ru. Lẹ́yìn náà, wọ́n tọpa ọkùnrin tó lé ní 3,000 ní California, tí púpọ̀ jù nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, wọ́n sì rí i pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ní àìsàn ọkàn ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ẹni tí kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un wò, ìkánjú kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ ibi náà, ìbínú àti ìkóriíra ni. (Àwọn iléeṣẹ́ tábà náwó lórí irú ìwádìí báyìí. Kò ṣòro láti mọ ìdí: bí ìwà bá gba ẹ̀bi, sìgá á rí ibi sá pamọ́ sí.)

Àwọn méjì tó ń jẹ́ John Henry

Sherman James, ọmọ South Carolina, aláwọ̀ dúdú, ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ ní Yunifásítì North Carolina lọ́dún 1978 nígbà tó lọ bá àgbẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀. Ọdún 1907 ni wọ́n bí àgbẹ̀ náà sínú ìdílé òtòṣì. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni àwọn tirẹ̀ ń dá oko sí, tí onílẹ̀ sì ń pín nínú irè. Ó jọ ìṣákọ́lẹ̀ tí a mọ̀ nílẹ̀ kòkó, àmọ́ ó le jù ú lọ, nítorí onílẹ̀ ló ń ta irúgbìn àti oúnjẹ ní àwìn fún àgbẹ̀, òun náà ló sì ń ṣírò gbèsè, kí gbèsè náà má bàa tán láé. Kíláàsì kejì ni àgbẹ̀ yìí ti kúrò ní iléèwé. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà. Ó yá owó ra ilẹ̀, gbèsè tí wọ́n fún un ní ogójì ọdún láti san, ọdún márùn-ún ló fi san án tán. Kó tó di ẹni ogójì ọdún, ilẹ̀ éékà 75 ti di tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ súnmọ́ ọgọ́ta, ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé, làkúrègbé ti dé, ọgbẹ́ inú sì le débi pé àwọn oníṣègùn gé ìdá 40 nínú 100 ikùn rẹ̀ kúrò. James gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún láti inú ilé: John Henry Martin.

Kò sí ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó máa gbọ́ orúkọ yẹn tí kò ní rántí John Henry kejì, ẹni inú ìtàn. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, alágbára tó ń fi òòlù lu irin wọ inú àpáta ní West Virginia ní àwọn ọdún 1870. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ dé, ó ní òun yóò bá ẹ̀rọ díje. Ó borí. Lẹ́yìn náà ló ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, ó kú.

Orúkọ yìí ni James fi pe èrò tó ń kó jọ. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbàgbọ́ pé bí àwọn bá ti lè ṣiṣẹ́ kára tó, kò sí ìdènà tí àwọn kò ní borí, wọ́n sì ń gbé ayé wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní irú ọkàn yìí tí ọ̀nà là fún, ẹ̀mí rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tó ní i tí kò ní ìwé, tí kò ní owó, tí kò ní ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá, ara rẹ̀ ló ń fi san gbogbo ohun tí àwọn yòókù ń fi owó san. Láti dán èrò náà wò, ó kọ gbólóhùn 12 tí ènìyàn á sọ bóyá ó bá ìwà òun mu tàbí kò bá a mu, láti 1 dé 5. Ẹni tó bá gba máàkì tó pọ̀ ni aforítì gidi.

Èsì àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1983, láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 132: àwọn tí ìforítì wọn pọ̀ tí ìwé wọn sì kéré ni ìfúnpá wọn ga jù. Ní Edgecombe County, ní North Carolina, lọ́dún 1987, ó wá ṣe kedere. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ aforítì, ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn tí ipò wọn rẹlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí ipò wọn ga. Nínú àwọn tí kì í ṣe aforítì, ipò kò fi bẹ́ẹ̀ dá nǹkan kan. Wọ́n wo àwọn aláwọ̀ funfun ní àdúgbò kan náà, àpẹẹrẹ yìí kò sí láàárín wọn.

Ẹ ka ìpínrọ̀ tó ṣáájú yìí lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì ṣàkíyèsí àwọn aforítì tí ipò wọn ga. Àwọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kéré jù. Nítorí náà kò tọ́ láti sọ pé ìforítì ń pa ènìyàn. Bí a bá fa ìyẹn yọ nínú iṣẹ́ James, a ti kà á ní àkàgbé.

Ó yẹ kí a tún sọ pé èrò yìí kò yege níbi gbogbo. Ní Pitt County, ní North Carolina kan náà, níbi tí James fúnra rẹ̀ ti kó aláwọ̀ dúdú tó lé ní 1,700 jọ, àpẹẹrẹ tí wọ́n ń retí kò yọ dáadáa nígbà tí wọ́n tẹ èsì àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1992. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e ní ibòmíràn ń rí i láàárín ọkùnrin tí wọn kò rí i láàárín obìnrin, tàbí kí wọ́n rí i bí wọ́n bá fi owó wọn ipò, kó sì pòórá bí wọ́n bá fi ìwé wọ̀n ọ́n. Onímọ̀ tó bá fẹ́ràn òtítọ́ kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́.

Àwọn tó dákẹ́

John Henry jà. Àwọn tí kò jà ńkọ́?

Ní Detroit, Ernest Harburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àdúgbò sí èyí tí ayé ti le àti èyí tó tura. Wọ́n bi àwọn ọkùnrin ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí ọlọ́pàá tàbí onílé bá fi ìyà tí kò tọ́ jẹ wọ́n. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1973, ìfúnpá tó ga jù wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé àdúgbò tó le, ìbínú tí ènìyàn gbé mì sì bá ẹ̀jẹ̀ tó ń ru rìn. Lọ́dún 1990, Nancy Krieger tẹ ìwádìí kékeré kan jáde láti California: obìnrin 101, 51 jẹ́ dúdú, 50 jẹ́ funfun. Àwọn obìnrin dúdú tó ní àwọn máa ń gbà á bẹ́ẹ̀ tí àwọn sì máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá rẹ́ àwọn jẹ, ìṣeéṣe kí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ ìlọ́po 4.4 ti àwọn tó ń wá nǹkan ṣe sí i tí wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn funfun.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni èyí tí Krieger àti Stephen Sidney ṣe lọ́dún 1996, tí iye ènìyàn inú rẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì. Wọ́n bi àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú bóyá wọ́n ti fi ẹ̀yà rẹ́ wọn jẹ rí. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ọwọ́, ìfúnpá àwọn tó ní rárá, kò ṣẹlẹ̀ sí àwọn rí, ga ju ti àwọn tó sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀ lọ. Láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé tó níṣẹ́ tó dára, àwọn tó ní kò ṣẹlẹ̀ rí, tí wọn kì í sì í gba ìrẹ́jẹ láìjà, ni ìfúnpá wọn rẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì fi dáhùn. Ó jọ pé ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń sọ ohun tó rí, ẹni tí kò ní agbára sì lè máa sọ ohun tó lè gbà kó lè jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Àwọn ará Japan ní California

Títí di ìsinsìnyí, ẹnì kan ṣoṣo àti wàhálà rẹ̀ ni a ń sọ. Ní ti àwọn ará Japan tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Michael Marmot àti Leonard Syme wo àwọn tó lé ní 3,800 ní àyíká San Francisco, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1976. Àwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà ní ìlànà Japan, tí àwọn ènìyàn wọn sì yí wọn ká, àìsàn ọkàn wọn kéré bíi ti àwọn tó wà ní Japan gan-an. Àwọn tó ti di ará Amẹ́ríkà pátápátá, tiwọn tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún. Oúnjẹ, sìgá àti ìfúnpá kò tó láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó ṣù mọ́ra ń dáàbò bo ọkàn. Ẹni tó ní ẹgbẹ́ kì í nìkan ru másùnmáwo. Ohun tó wà lọ́wọ́ ènìyàn kì í ṣe owó àti ìwé nìkan.

Nàìjíríà: níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí a bá gbé gbólóhùn 12 James wá sí ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ti jẹ́ dúdú, tí àwọ̀ kò sì fi ẹnikẹ́ni sí ìsàlẹ̀? Wọ́n dán an wò láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìlú Benin, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1998. Kò rí bíi ti North Carolina. Ibi tí ìfúnpá ti fẹ́ máa bá ìforítì gòkè ni àárín àwọn tí ipò wọn ga.

Ó yani lẹ́nu, àmọ́ ẹ rántí ẹni tó ń jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba nígbà náà. Ìwádìí láàárín irú àwọn òṣìṣẹ́ yìí ti fi hàn ṣáájú pé ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ lára àwọn ọ̀gá ju àwọn ọmọṣẹ́ kékeré lọ. Ọ̀gá ló ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀gá ló ń jẹ ẹran, òun náà ni gbogbo ẹbí ń kó owó iléèwé ọmọ, owó ilé ìwòsàn àti ìnáwó òkú wá bá. Ipò gíga ní ilẹ̀ wa kì í dín ẹrù kù, ó máa ń fi ẹrù kún ẹrù ni. Lójú tèmi, èyí kò da èrò James nù. Ó kàn ń sọ fún wa pé "ipò" kì í ṣe ohun kan náà ní ibi gbogbo, àti pé a ní láti béèrè ohun tí ipò kan ń fúnni àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni kí a tó fi ṣe ìṣirò.

Àwọn ọmọ tó ṣe dáadáa

Gene Brody àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní abúlé Georgia láti kékeré. Àwọn kan wà nínú wọn tí ilé wọn tálákà, ṣùgbọ́n tí àwọn olùkọ́ ń yìn: wọ́n gbọ́ràn, wọ́n ń kàwé, wọn kì í jà, wọn kì í mu ìgbó. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún 19, inú wọn kò bàjẹ́, wọn kò sì wọ wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn ẹrù-ara wọn, ó ga. Èyí jáde lọ́dún 2013. Lọ́dún 2015, Gregory Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Brody wà lára wọn, fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń darúgbó ju ọjọ́ orí wọn lọ, nígbà tí ti àwọn ọmọ tó ní ìkóra-ẹni-níjàánu kan náà ṣùgbọ́n tí òbí wọn rí jájẹ kò rí bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ tó bá ka èyí lè bínú. Ṣé kí a wá sọ fún ọmọ tálákà pé kó má sapá ni? Kò sí olùwádìí kankan níbẹ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ká má fi àmì ẹ̀yẹ nìkan wọn àlàáfíà ọmọ, kí ẹni tó ń yìn ín níwájú kíláàsì tún rí i pé wọ́n ń wọn ìfúnpá rẹ̀.

Ní Los Angeles, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Dípò kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bí wọ́n ṣe máa yí ìwà wọn padà, Ronald Victor àti ikọ̀ rẹ̀ mú àwọn apòògùn lọ bá wọn nílé onígbàjámọ̀. Ọkùnrin 319 tí ìfúnpá wọn ga, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ 52, ni wọ́n pín sí méjì. Apá kan rí òògùn gbà lórí àga ìgẹrun, apá kejì rí ìmọ̀ràn nìkan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìfúnpá apá àkọ́kọ́ fi 27 lọ sílẹ̀, ti èkejì fi nǹkan bí 9. Ọdún 2018 ni èsì náà jáde. Wọn kò dín wàhálà ìlú náà kù rárá. Ibi tí àwọn ọkùnrin náà ti fọkàn balẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í wò wọ́n níwòkuwò, ni wọ́n gbé ìrànlọ́wọ́ lọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé, "Aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀jẹ̀ ríru ju aláwọ̀ funfun lọ nítorí ẹ̀yà wọn." Fi èsì ọdún 1997 àti ti 2005 já a nírọ́.

2. Obìnrin ọlọ́jà kan ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, ń ta ata láti aago márùn-ún àárọ̀, ó ń rán ọmọ mẹ́rin níléèwé, ó sì jẹ́ ìyálọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀. Arábìnrin rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní alẹ́ ní London, òun nìkan ló ń gbé, ó sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Aforítì ni àwọn méjèèjì. Èwo nínú wọn ni o rò pé ìfúnpá rẹ̀ lè tètè ga, kí sì ni o máa fẹ́ mọ̀ sí i kí o tó dáhùn?

3. Tún ka ìwádìí Krieger àti Sidney. Bí o bá fẹ́ fi ìwé ìbéèrè wádìí ìrẹ́jẹ láàárín àwọn ọlọ́kadà, báwo ni o ṣe máa bi wọ́n tí "rárá" kò fi ní ṣì ọ́ lọ́nà?

4. Ní Nàìjíríà, ibo ni yóò ṣe iṣẹ́ tí ilé onígbàjámọ̀ ṣe ní Los Angeles? Sọ ìdí tí ibi tí o mú fi dára fún ọkùnrin, kí o sì sọ bóyá yóò dára fún obìnrin náà.